Ìbéèrè Rúbẹ́ẹ̀nì Nínú Ìwé Àjọkọ

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ore níbí ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí àwọn tó ń rò ó bóyá kí àwọn kọ́ṣẹ́ ọwọ́ tàbí kí àwọn gun ọ̀kadà lè rí nǹkan dì mú. Mo ní kò burú. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ṣe dókítà ayùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, orúkọ tí wọ́n ń pè wá nìyẹn. Kò sí ilé ìlagi, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sọ́míìlì, tó lè dúró láìní dókítà ayùn. Òun ló ń pọ́n eyín ayùn, òun ló ń fi òòlù lù ú títí ara rẹ̀ yóò fi tọ́, òun náà ló ń fi ide jó o pọ̀ nígbà tó bá já. Bí ayùn bá ń ṣàìsàn, pákó á wọ́, ẹni tó ń là á á sì máa bú dókítà.

Àgbàlagbà tó bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, yíyangàn ló sábà máa ń yangàn. Èmi kò ní ohun tí mo fẹ́ fi yangàn. Ìtìjú ni mo fẹ́ sọ. Mo ti gbé e mọ́ra pẹ́, ó sì ti ń wúwo jù fún ẹni tó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Mákindé ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, ará Odigbo, ọkùnrin gbọọrọ kan tí kì í rẹ́rìn-ín lójú iṣẹ́. Abẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́míìlì kan ní Ore ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà. Bàbá mi mú mi lọ, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ayùn. Ìyẹ̀fun igi ni mo ń gbá, omi ni mo ń pọn, fáìlì ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì nù. Ní ọdún kẹta ló tó ní kí n máa pọ́n eyín.

Ní ọjọ́ kan mo pọ́n eyín kan kọjá ààlà. Ẹyọ kan péré, ó kúrú ju àwọn yòókù lọ. Mo rò pé kò ní rí i. Ọ̀gá Mákindé kò tilẹ̀ wò ó. Ó fi èékánná rẹ̀ tọ ẹnu ayùn náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dúró lórí eyín yẹn gan-an.

Ó ní, "Jóòbù, kí lèyí?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ó ṣèèṣì ni."

Ó ní, "Uṣẹ́ éè mọ èèṣì. Pọ́n àwọn yòókù kí wọ́n bá a dọ́gba."

Ayùn báńdì gùn tó ilé kékeré kan. Gbogbo eyín tó wà lára rẹ̀ ni mo pọ́n lọ́jọ́ náà títí ìka mi fi bó. Kò bú mi, kò nà mí. Nígbà tí mo parí, ó tún fi èékánná tọ̀ ọ́ lọ, ó ní kí n lọ jẹun. Láti ọjọ́ náà, n kò pọ́n eyín kọjá ààlà mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Ọ̀gá Mákindé máa ń ṣe. Bó bá fẹ́ fi òòlù lu ayùn kí ara rẹ̀ lè tọ́, á kọ ẹ̀yìn sí mi. Etí nìkan ni mo fi ń kọ́ ìyẹn. Mo máa ń ka iye ìgbà tó lù ú, mo máa ń gbọ́ bí dídún rẹ̀ ṣe ń yí. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní ẹni tí a bá fún ní gbogbo oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà kì í mọ adùn rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ìwà iṣẹ́, mo sì fi í ṣe ìwà ara mi.

Èyí tó fi pamọ́ jù lọ, ìgbà tó ń kú lọ ló tó sọ ọ́. Mo lọ kí i ní Odigbo, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, òjò ń rọ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ bọ́ síta. Ó ní, "O mọ̀ pé mo máa ń sọ fún wọn pé irin wà nínú igi kan kí wọ́n tó là á?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ó ní oògùn. Ó ní kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ó ní àwọn àgbẹ̀ oníkòkó máa ń kan ìṣó mọ́ igi tó wà láàrin oko wọn, wọ́n á so wáyà mọ́ ọn láti fi pààlà tàbí láti fi sá aṣọ. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, igi á gbé e mì, èèpo á bò ó, ojú kò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n irin náà á máa da omi dúdú sínú igi, omi náà á sì tọ ara igi lọ dé ibi tí wọ́n ti gé e. "Bí o bá rí àbàwọ́n dúdú tó jọ aró lẹ́nu gẹdú, irin ń bẹ nínú rẹ̀. Ogún tìrẹ nìyí. Má tà á lọ́jà."

Ogún ni mo fi pè é lóòótọ́. Nígbà tí mo gba ipò rẹ̀, tí mo bá ti rìn yí gẹdú po, tí mo fọwọ́ kàn án, tí mo dákẹ́ díẹ̀, tí mo ní "Ẹ má tíì là á," gbogbo sọ́míìlì á dákẹ́. Wọ́n á fi àáké gbẹ́ ẹ, wọ́n á bá ìṣó níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Ojú Dókítà ń rí inú igi!" Inú mi á dùn. Mo jẹ́ kí wọ́n rò pé oògùn ni. Bí ẹni tó ń gé gẹdú lóko bá gun kẹ̀kẹ́ dé, èmi ni yóò kọ́kọ́ wá kí. Ẹlẹ́wà kì í jẹ́ kí n san owó ẹ̀wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín.

Àsìkò àwọn ológun ni ọ̀rọ̀ tó dùn mí ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sọ lórí rédíò lójoojúmọ́ pé kí gbogbo ènìyàn fún àmùrè le. A fún un títí kò sí àyè mọ́. Ayùn tuntun kò dé láti òkè òkun mọ́. Èyí tí à bá ti sọ nù tẹ́lẹ̀, a fi ide jó o ní ojú mẹ́ta, ojú mẹ́rin, a tún dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Sọ́míìlì tí mo wà nígbà náà tóbi díẹ̀, ọ̀nà Odigbo ló wà. Ọ̀gá tó ni ín, tí a ń pè ní Alága, bẹ̀rẹ̀ sí í dín òṣìṣẹ́ kù. Ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ wà lára àwọn tó lé. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tó lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Gbogbo wa yí i po bí ẹni ń wo òkú ẹran. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi jókòó kí a tó rí ọkùnrin náà ní abúlé rẹ̀, tó wá fi ẹsẹ̀ ta páìpù kan báyìí, ó sì dáhùn. Páìpù yẹn nìkan ni.

Ọ̀rọ̀ páìpù yẹn ló bí Ìwé Àjọkọ. Ẹni tó gbé e dé ni Fọlákẹ́, akọ̀wé àgbà wa, obìnrin kékeré kan tó ń rìn kíákíá. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan ó kó gbogbo wa jọ, ó gbé ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan sórí tábìlì lábẹ́ páànù, ó so bírò mọ́ ọn pẹ̀lú okùn.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ọgbọ́n tó wà nínú ọgbà yìí pọ̀ ju igi tó wà níbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, ọgbọ́n rẹ̀ á bá a sùn sílé. Gbogbo wa la ni ìwé yìí. Ohun tí o bá mọ̀, kọ ọ́. Ohun tí o kò bá mọ̀, kọ ìbéèrè rẹ sí i, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáhùn. Bí ẹlòmíràn bá ṣe àṣìṣe, kọ àtúnṣe sí abẹ́ rẹ̀, má bínú, má ya ìwé. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Fẹ́míyé tó ń wa kátápílà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Bí mo bá kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ síbẹ̀, kí ni Alága tún fẹ́ fi mí ṣe?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹlẹ́rù ni. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ojú ewé àkọ́kọ́ funfun báláú. Ohun kan ṣoṣo tí mo bá níbẹ̀ ni èyí tí ẹnì kan kọ: "Ẹni tó mú ọṣẹ mi lẹ́yìn kànga, jọ̀wọ́ dá a padà."

Fọlákẹ́ wá bá mi. Ó ní, "Bọ̀dá Jóòbù, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ bá mi dá sí i." Orí mi wú. Mo gba iṣẹ́ náà. Ẹ wá wo iṣẹ́ ìwàásù! Mo ń ti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn, mo ń sọ fún wọn pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo sọ fún Fẹ́míyé pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Mo jókòó ti àwọn tí kò mọ̀wé, mo ń bá wọn kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kí Fọlákẹ́ máa dárúkọ ẹni tó bá kọ nǹkan láàárọ̀ kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí Fẹ́míyé gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹta, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, òun náà kọ ojú ewé méjì nípa bí a ṣe ń gbé gẹdú ní ilẹ̀ tó rọ̀. Kò ju oṣù méjì lọ tí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á kọ, ẹlòmíràn á ní kò rí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn á ní méjèèjì ló rí bẹ́ẹ̀. A kò jókòó nítorí jẹnẹrétọ̀ mọ́.

Èmi náà kọ. Mo kọ bí a ṣe ń pọ́n eyín. Mo kọ bí a ṣe ń fi ide jó ayùn. N kò kọ̀wé lórí àbàwọ́n dúdú. Fọlákẹ́ bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe ń mọ igi tó ní irin?" Mo ní, "Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a lè fi bírò kọ." Ó mi orí, ó gbà mí gbọ́.

Ẹni tó fẹ́ràn ìwé náà ju gbogbo wa lọ ni Rúbẹ́ẹ̀nì. Òun ló ń la gẹdú lórí ayùn ńlá. Ọmọ Omifunfun ni, mo fi bí ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára tó bẹ́ẹ̀ tí Fọlákẹ́ fi ń ní kí ó bá òun kọ lẹ́tà. Láàárọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ ka ìwé náà. Òun ló dá àbá pé kí a máa fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára gẹdú, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò wí nǹkan kan, kí a là á. A fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ Túsìdeè kan, mo ṣí ìwé náà, mo bá ọwọ́ Rúbẹ́ẹ̀nì: "Gẹdú kẹtàdínlógún, láti oko kòkó. Àbàwọ́n dúdú wà lẹ́nu rẹ̀, ó jọ aró. Kí ni ó túmọ̀ sí? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́."

Mo lọ wo gẹdú náà. Àbàwọ́n ọ̀hún fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Irin ni, irin ńlá sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò fún yín bí mo ṣe rò ó. Mo rò pé: ọmọ yìí mọ̀ pé èmi ni mo mọ ọ̀rọ̀ irin. Kí ló dé tí kò wá bá mi? Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí ọmọdé bá fẹ́ bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, á wá bá a níbi tó jókòó sí, á kí i, á ní "Ẹ jọ̀wọ́ sà." Kì í gbé ìbéèrè kọ́ sójú pálí kí àgbà máa wá a kiri láti dáhùn, lójú gbogbo ènìyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Mo ní bó bá wá, n óò sọ fún un. Rúbẹ́ẹ̀nì kí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kí mi lọ́sàn-án, kò bi mí ní nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, ó ti bi mí. Èmi náà ni mo kúkú wàásù fún un pé kó máa bèèrè nínú ìwé! Wẹ́síde kọjá, Tọ́sìdeè kọjá. Lójoojúmọ́ ni mo ń ka ìbéèrè náà, tí mo ń pa ìwé dé. Mo ní n óò pè é ní ọjọ́ Jímọ̀, n óò kọ́kọ́ bá a wí, n óò wá sọ fún un.

Ní Jímọ̀ yẹn, kí n tó gbéra nílé, àwọn ọmọ Ọ̀gá Mákindé ránṣẹ́ pè mí sí Odigbo. Wọ́n fẹ́ pín irinṣẹ́ bàbá wọn. Mo gba ibẹ̀ lọ tààrà. Wọ́n fún mi ní òòlù rẹ̀, èyí tó máa ń fi ẹ̀yìn bò mọ́ mi lójú. Mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ó tó bí agogo méjìlá kí n tó padà dé sọ́míìlì.

Ayùn kò dún. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti mọ̀. Lórí ẹ̀rọ, gẹdú kẹtàdínlógún wà ní ìlàjì, wáyà nípọn bí ìka yọ síta nínú rẹ̀. Ayùn ti já sí ojú mẹ́ta, ó fò. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun igi. Ọwọ́ ọ̀tún Rúbẹ́ẹ̀nì ló gbé lọ, láti ọrùn ọwọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ni, gbogbo wọn ṣì wà ní etí títì, wọ́n ń ké.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà náà. Èmi gan-an ni.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ló burú jù. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ páànù. Mo rìn lọ sídìí ìwé náà. Mo mú bírò. Lábẹ́ ìbéèrè Rúbẹ́ẹ̀nì mo kọ ọ́ pé: "Irin ni. Ẹ má là á. Jóòbù." Mo fi ọjọ́ Wẹ́síde sí i. Mo pa ìwé náà dé.

Ní ọjọ́ kejì Alága dé. Ó ṣí ìwé náà, ó kà á sókè. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? A kìlọ̀ fún un! Ọjọ́ méjì gbáko! Aláìgbọràn ni." Wọ́n kọ lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Rúbẹ́ẹ̀nì lórí ibùsùn ọsibítù. Wọn kò fún un ní owó kankan. Mo gbọ́ pé ó ń sunkún, ó ń sọ pé òun ka ìwé ní àárọ̀ yẹn, pé òfo ni òun bá. Wọ́n ní ìrora ló ń yí i lórí. Mo dúró láàrin wọn, mo mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

Fọlákẹ́ pè mí sẹ́yìn ọ́fíìsì. Ó rọra sọ̀rọ̀.

"Bọ̀dá Jóòbù, gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yẹn, bírò búlúù ni. Búlúù yẹn tán ní àárọ̀ Jímọ̀. Èmi ni mo so aláwọ̀ ewé mọ́ ọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdáhùn yín ti Wẹ́síde, àwọ̀ ewé ni."

N kò lè gbé ojú sókè. Bírò! Èmi tó ń fi èékánná mọ eyín tó kúrú!

Ó ní, "N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Mo fún yín di Mọ́ńdè."

Gbogbo ọjọ́ Àìkú mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, n kò gbọ́ ìwàásù. Ní Mọ́ńdè, mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Òkìtì ìyẹ̀fun igi wà lẹ́yìn ọgbà tí iná kì í kú lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé Ìwé Àjọkọ lọ síbẹ̀, mo jù ú sínú iná. Gbogbo ọgbọ́n tí a kó jọ jóná pẹ̀lú irọ́ mi: páìpù jẹnẹrétọ̀, ojú ewé méjì Fẹ́míyé, ọwọ́ ìkọ̀wé Rúbẹ́ẹ̀nì. Nígbà tí Fọlákẹ́ sọ ohun tó mọ̀ fún Alága, Alága ní kó mú ìwé wá. Kò sí ìwé. Fọlákẹ́ ra òmíràn, ó so bírò mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí i. Wọ́n ní ìwé tó ń dá ènìyàn lẹ́jọ́ ni. Ikán ló padà jẹ ẹ́. Kí oṣù náà tó parí, Fọlákẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò bú mi. Ó kí mi nígbà tó ń lọ, ó ní, "Ó dàbọ̀, Dókítà." Ó ti máa ń pè mí ní Bọ̀dá tẹ́lẹ̀.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ọdún tó kù. Ẹ̀rọ yí padà. Ayùn kéékèèké tí ọwọ́ kan lè gbé dé, wọ́n ń la igi mọ́ inú igbó. Ayùn olówó pọ́ọ́kú dé, tí wọ́n ń lò tí wọ́n ń jù nù. Dókítà ayùn di ìwọ̀nba. Mo kọ́ ọmọṣẹ́ mẹ́rin, n kò sì kọ ẹ̀yìn sí wọn nígbà tí mo bá ń lu ayùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbàwọ́n dúdú kò lè jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá rí i lẹ́nu gẹdú, mo kàn máa ń ní kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí wọ́n bá ní kí ló dé, mo máa ń bínú. Mo fẹ̀yìn tì. Rúbẹ́ẹ̀nì padà sí Omifunfun, ó ń dáko gbágùúdá. A kò fojú kan ara wa mọ́, nítorí pé mo ń sá fún ọ̀nà Omifunfun.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá kí mi nílé. Ó ní Bọ̀sẹ̀ lorúkọ òun, òun ló ń bójú tó ọ́fíìsì sọ́míìlì ní Ore. Ó ní àwọn ti dá ojú ewé kan sílẹ̀ lórí fóònù, gbogbo òṣìṣẹ́ ìlagi ní agbègbè yìí ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á kọ ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n á dáhùn, ẹni tó bá fẹ́ á tún un ṣe. Ó ní àwọn àgbà kò fẹ́ dá sí i, kí n bá òun bá wọn sọ̀rọ̀. Mo bi í pé níbo ló ti rí irú ọgbọ́n yìí. Ó ní, "Bàbá mi ló sọ fún mi. Wọ́n ní ẹ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé ijọ́hun, ó sì dára. Rúbẹ́ẹ̀nì lorúkọ wọn, ti Omifunfun." Ó fi mí sínú rẹ̀ lórí fóònù ọmọ mi, ó dúpẹ́, ó lọ. Omi tí mo bù fún un, èmi ni mo mu ún.

N kò kọ nǹkan kan. Mo kàn ń kà á. Títí di Mọ́ńdè kan tí mo rí orúkọ Rúbẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀: "Àbàwọ́n dúdú lẹ́nu gẹdú, ó jọ aró. Báwo la ṣe ń mọ ohun tó túmọ̀ sí? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́."

Ènìyàn tó lé ní igba ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ní òjò ni. Ẹlòmíràn ní igi náà ti ń jẹrà ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ti fi pamọ́ fún gbogbo wọn. Túsìdeè kọjá, Wẹ́síde kọjá, ọwọ́ mi kò lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Àárọ̀ Tọ́sìdeè mo ní kí ọlọ́kadà gbé mi lọ sí Omifunfun.

Ó jókòó síwájú ilé, ó ń bó gbágùúdá. Ó fi apá ọ̀tún tó kù di gbágùúdá náà mọ́ itan, ó ń fi ọwọ́ òsì bó o. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Mo fi ọ̀pá mi sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin.

Ó ní, "Bọ̀dá Jóòbù, ẹ dìde, ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Mo ní, "N kò kọ ọ́ ní Wẹ́síde. Jímọ̀ ni mo kọ ọ́, lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ ti lọ. Èmi ni mo sun ìwé náà."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣé n kò kà á láàárọ̀ yẹn ni?" Ó wá gbé ohùn sókè, ó pe ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Bọ̀sẹ̀! Wá síta. Bọ̀dá, ẹ sọ ọ́ kó gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ pé bí mo bá gbọ́ràn ni, ìyà kì bá tí jẹ wá."

Mo tún sọ ọ́. Èkejì le ju àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Jóòbù, ọghọ́ rẹ li o fi kọ ọ́?" Kò pè mí ní ẹ̀yin, ọwọ́ mi ló ń wò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ibi tí ọwọ́ náà ti gé, ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún. Rúbẹ́ẹ̀nì nìkan ni kò sunkún.

Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ òsì mú fóònù rẹ̀ láti inú àpò, ó nà án sí mi. Ó ní, "N kò ní sọ pé mo ti dárí jì yín lónìí, irọ́ ni n óò pa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ dáhùn rẹ̀."

Mo ní ìka mi tóbi jù fún fóònù. Ó ní kí n máa fi ẹyọ kan tẹ̀ ẹ́, òun náà ọwọ́ kan ló fi kọ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀ láàrin èèpo gbágùúdá. Mo kọ gbogbo rẹ̀, bí Ọ̀gá Mákindé ṣe sọ ọ́ fún mi: ìṣó, wáyà, omi dúdú tó ń tọ ara igi lọ, ibi tí a ti ń fi àáké gbẹ́ ẹ wò. Mo kọ ohun tí mo ṣe sí ẹni tó béèrè rẹ̀ pẹ̀lú. Mo fi orúkọ mi sí i. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ọjọ́ sí i, Rúbẹ́ẹ̀nì ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu.

Ó ní, "Fóònù ló ń fi ọjọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè yí i."

Mo wò ó. Tọ́sìdeè ló kọ.